Kẹ̀kẹ́ Tó Fi Okùn Bíréèkì Rẹ̀ Pamọ́

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú làálàá, mo sì kí ọ kú ìgboyà, nítorí ẹni tó bá ní òun fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ fún igba kìlómítà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kì í ṣe ìgboyà nìkan ló ń dà á láàmú. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ. Ibi tí o bá dojú kọ ni Ọlọ́run yóò mú ọ dé, pẹ̀lú eyín rẹ ní pípé. Bàbá rẹ kí ọ. Àbúrò rẹ ti ń rìn, ohun tó bá sì rí nílẹ̀, ẹnu ló ń kó o sí. Láàárọ̀ yìí ni mo yọ bọ́bìnì maṣíìnì ìránṣọ mi ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Dátà mi ti tán, ìdí nìyí tí mo fi ń fi lẹ́tà yìí rán awakọ̀ sí ọ. Àwòrán kẹ̀kẹ́ méjèèjì tí o fi ránṣẹ́ ló jẹ ẹ́ tán, àti ìwé gígùn tí ọkùnrin kan fi wọ́n wéra, tí o ní kí n kà kí n tó fọwọ́ sí èyí tí o máa rà. Mo kà á. Ìyá rẹ ka ìwé mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó lè fi ìwé rẹ́ mi jẹ. Dúdú ni èkínní, pupa ni èkejì, mo sì mọ̀ pé dúdú ló wà lọ́kàn rẹ.

Ọkùnrin yẹn ní òun gun dúdú fún oṣù mẹ́ta, ó ní ó ń lọ wẹ́rẹ́, ó ní ẹ̀yìn kò dun òun, ó wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá pé òun ti dá a padà fún àwọn tó ṣe é. Ta ló ń dá ohun tó dára padà? Bí ọkọ bá yin ìyàwó rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta tó wá mú un padà lọ fún àwọn òbí rẹ̀, ṣé a óò gba ìyìn náà gbọ́? Ó tún fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin àti ààbọ̀. Mo fi ìka fẹ ojú fóònù títí, mo ń wá ààbọ̀ tó kù, mi ò rí i. Ohun kan ti ṣẹ́ lára kẹ̀kẹ́ yẹn tí wọn ò fẹ́ ká mọ̀.

Àwọn tó ṣe é ní àwọn ṣe onígbọ̀wọ́ egungun rẹ̀, ìyẹn férémù, títí òpin ọjọ́ ayé ẹni tó kọ́kọ́ rà á. Kí ló gbé òpin ọjọ́ ayé rẹ dé ẹnu ẹni tó ń ta kẹ̀kẹ́? Mo ka ìyókù, mo rí i pé bíréèkì kò sí nínú rẹ̀, ṣéènì kò sí, táyà kò sí. Egungun nìkan. Bó bá ku egungun nìkan, ta ni yóò wá gùn ún?

Jíà rẹ̀ kò ní okùn, bátìrì ló ń yí i, fóònù ni wọ́n sì fi ń tò ó. Jọ̀wọ́, má fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà rẹ mọ́. Ẹni tí ẹ jọ ṣe gbólóhùn asọ̀ níbi iṣẹ́ lè jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kó máa yí jíà fún ọ lórí òkè. Táyà náà kò ní túùbù, omi funfun kan ni wọ́n dà sínú rẹ̀, bí ìṣó bá gún un, ó máa dí ihò náà fúnra rẹ̀. Báwo lo ṣe máa wá mọ̀ pé ìṣó gún un?

Okùn bíréèkì ló bà mí lẹ́rù jù. Ti pupa wà níta, téèyàn lè fọwọ́ kàn án. Ti dúdú, inú ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ló gbà wọlé, ó gba inú egungun lọ, ojú kò rí i títí tó fi dé ìdí táyà, òróró ló sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní nítorí ẹwà ni. Aránṣọ ni mí o. Èyí tí a bá rán dáadáa, a máa ń yí inú rẹ̀ síta fún oníbàárà kó wò ó. Èyí tí a bá sáré rán láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ gbà á, òun la máa ń fi láínìn bò.

Mo gbé fóònù lọ bá Baba Onísípánà tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ìkòríta. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá ọmọ, ṣé èmi ni mo fẹ́ gùn ún ni. Ó ní sípánà méjì lòun máa fi tú pupa palẹ̀, pé dúdú, kí wọ́n tó pààrọ̀ okùn kan ṣoṣo, wọ́n máa tú gbogbo orí rẹ̀ bí ẹni tú irun. Ṣùgbọ́n ó ní kí n má purọ́ mọ́ olóróró, pé kì í já bí okùn ṣe ń já, pé òun náà ń sọ̀rọ̀: ó máa ń rọ̀ lọ́wọ́ ẹni kó tó kọ iṣẹ́. Mo bi í pé ta ló sanwó fún un. Ó ní kí n máa lọ sílé.

Bàbá rẹ ní kí n fi ọmọ lọ́rùn sílẹ̀, pé òun lòun ṣubú, kì í ṣe èmi. Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún un rí. Okùn bíréèkì tó já mọ́ ọn lọ́wọ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn afárá, tó fi ń tiro títí dòní, mo ti rí i ní ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú. Mo ń gbá ẹ̀yìnkùlé, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fara ti ògiri, okùn náà ti tú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Èmi tí mo ń fi òwú jẹun, mo mọ òwú tó fẹ́ já. Mo ní ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni, kí ni mo mọ̀, kó má lọ wí pé ìwé mẹ́wàá ń gùn mí. Mo gbálẹ̀ lọ. Okùn náà kò sá pamọ́ o. Gbangba ló wà. Ẹnu mi ni mo fi pamọ́.

Nítorí náà, èyí tó bá wù ọ́, rà á, dúdú ni o, pupa ni o. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́kọ́jọ́ tí o bá fẹ́ gùn ún, tẹ bíréèkì méjèèjì, dorí kẹ̀kẹ́ kodò, ya fọ́tò gbogbo ara rẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ sí mi kí o tó gbé ẹsẹ̀ lé e. Bó bá rọ̀ lọ́wọ́ rẹ, sọ. Bí mo bá rí nǹkan, èmi náà á sọ, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ òpè.

Fún ìdí èyí, fi owó dátà ránṣẹ́, kó pọ̀ díẹ̀, nítorí mo máa ní láti fẹ fọ́tò náà tóbi. Owó bàtà tí mo bèèrè lè dúró.

Ohun tí ojú rẹ bá rí, ẹnu rẹ kò ní wúwo láti sọ ọ́. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan kò ní gbà ọ́ lọ́wọ́ mi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.

Mo tún ṣí lẹ́tà náà o. Bàbá rẹ ni mo gbé e fún pé kó bá mi lẹ ẹnu àpò ìwé náà, kò lẹ̀ ẹ́, ó jókòó sórí àpótí, ó kà á tán. Ó ní òun náà ti rí okùn yẹn kó tó já, pé òun rò pé kò sẹ́ni tó rí i. Jọ̀wọ́, owó dátà yẹn, ṣe é ní ti ẹni méjì.