Owó Ibùsùn Tí Wọ́n Ní Ó Ṣófo

Agbo-ilé Àkànó,
Ìsàlẹ̀ Ọba,
Ìwó.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, Oṣù Kejì, 1912.

Sí Ajẹ́lẹ̀ Ìjọba,
Ọ́fíìsì Ajẹ́lẹ̀,
Ìbàdàn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ OWÓ IṢẸ́ ALÁÀÁRÙ MẸ́RIN ÀTI TI OLÓÒGBÉ AKỌ̀WÉ KÓKÀ, TÍ ALÁRINÀ KÒFOWÓRỌLÁ KÒ SAN

1. Èmi Mùkáílà Àkànó ni olórí àwọn aláàárù tí ń gbé ibùsùn àsorọ̀ ní ìlú Ìwó. Ibùsùn yìí ni aṣọ líle tí a so mọ́ ọ̀pá gígùn, tí ènìyàn mẹ́rin ń gbé léjìká, tí òyìnbó tàbí aláìsàn ń sùn sí láàárín. Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Nígbà tí mo ń gbé àwọn awọnlẹ̀ kiri inú igbó ni mo kọ́ ABD lọ́dọ̀ wọn, nítorí náà ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ìwé yìí. Bí ó bá wọ́ níbì kan, ẹ foríjì mí.

2. A kì í ṣe òṣìṣẹ́ oṣooṣù. Ìrìn tí a bá rìn ni à ń gba owó rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Jémíìsì Kòfowórọlá ni alárinà tí ń bá àwọn tí ń la ọ̀nà wá ènìyàn, láti orí aláàárù títí dé orí akọ̀wé, ọwọ́ rẹ̀ sì ni owó gbogbo wa ń gbà kọjá. Bí ènìyàn bá wà nínú ibùsùn, ṣílè kan àti sísì ni owó ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Bí ó bá ṣófo, sísì péré ni. Nínú èyíkéyìí tó bá jẹ́, yóò yọ tọ́rọ́, ìdajì sísì, fún owó alárinà. A kò bá a jiyàn lórí rẹ̀ rí. Ẹni tó fi ọ̀nà oko han ọdẹ, ó yẹ kó tọ́ ẹran wò.

3. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí, ó rán wa lọ sí Kuta láti gbé Ọ̀gbẹ́ni Kókà, akọ̀wé àwọn awọnlẹ̀, tí ibà dá dùbúlẹ̀. Àwa mẹ́rin tí a lọ ni èmi, Ògúnkúnlé, Àyànbádéjọ àti Fáṣínà tó dàgbà jù wá lọ. Oòrùn ti yọ dáadáa kí a tó dé ibẹ̀. Hàbíbátù, opó tí akọ̀wé náà wọ̀ sí ilé rẹ̀, pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin bàbá mi. Ẹ ti pẹ́ díẹ̀. Ó kú láfẹ̀mọ́júmọ́, wọ́n sì ti sin ín.” Ó mú wa lọ sí ẹ̀yìnkùlé. A rí ilẹ̀ pupa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jọ, ó ṣì tutù.

4. Mo bi í bóyá olóògbé sọ nǹkan kan. Ó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń sọ fún ọjọ́ mẹ́ta tó fi ṣàìsàn, pé: “Ẹ má jẹ́ kí n ṣàìdé Ìwó. Oṣù mẹ́rin ni Kòfowórọlá ti di owó mi mú, ìyá mi sì ń wo ojú ọ̀nà.” Hàbíbátù ní, “Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ó ní òun ti fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n òun náà yóò lọ.”

5. A gbọn aṣọ ibùsùn náà níṣojú obìnrin yìí, a tún un so, a gbé e, ó di ọ̀nà Ìwó. Ó fúyẹ́ bí ó ti yẹ kó fúyẹ́. Ògúnkúnlé tilẹ̀ ń kọrin. Nígbà tí a kọjá odò tó wà lẹ́yìn ìlú, orin rẹ̀ dákẹ́. Ọ̀pá ti tẹ̀. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ejìká wa ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ó sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ìwúwo ẹrù àti ìwúwo ènìyàn. Ẹrù a máa dúró lójú kan. Ènìyàn a máa mí. Ohun tí a gbé lọ́jọ́ náà ń mí.

6. A sọ ọ́ kalẹ̀. A tú aṣọ náà wò, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. A gbé e, ó fúyẹ́. A kò rìn tó ogún ẹsẹ̀ tí ó tún wúwo. Ẹ má ṣe rò pé òkùnkùn ló dẹ́rù bà wá. Ọ̀sán gangan ni, ọyẹ́ ti ká kúrò nílẹ̀, òjìji wa sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Mo wo òjìji ibùsùn náà. Ó yọ ikùn láàárín, bí ìgbà tí ẹnì kan sùn sí i.

7. Ní ibi tí ọ̀nà Olúpọ̀nnà ti pàdé tiwa, a bá ìyá arúgbó kan tí ń jẹ́ Àjíkẹ́, tí ó ń ti oko bọ̀. Ó yà fún wa, ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ara rẹ̀ á yá.” A dúpẹ́. Ó tún ní, “Ẹ bá mi sọ fún un kó yé sọ̀rọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ gbóná, ọ̀rọ̀ a máa gba agbára rẹ̀.” Mo bi í pé kí ni ó ń sọ. Ó wò mí bí ẹni ń wo adití, ó ní, “Ó ń bi yín bóyá ó kù díẹ̀.” Àyànbádéjọ tó wà níwájú kò wẹ̀yìn. Ó kàn sọ pé, “Ó kù díẹ̀, ọ̀gá,” ó sì ń lọ. Láti ibẹ̀, ìrìn rẹ̀ yá sí i, àwa náà sì ń tẹ̀ lé e. Àjíkẹ́ ṣe tán láti wá jẹ́rìí bí ẹ bá pè é.

8. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a ó gùn kí a tó wọ ìlú, a gbọ́ tí egungun ejìká ọ̀tún Fáṣínà dún. Mo ní kí a jù ú sílẹ̀. Fáṣínà ní rárá. Ó ní, “Ó gbàgbọ́ pé à ń gbé òun dé ibi tí òun ń lọ. Bí a bá jù ú sílẹ̀ níbí, ta ni yóò tún gbé e?” Bẹ́ẹ̀ ló gbé e wọ Ìwó. Láti ọjọ́ náà kò lè gbé apá yẹn sókè mọ́. Ìyàwó rẹ̀, Ẹfúnróyè, ló ń bá a wọ ẹ̀wù.

9. A dé ìsọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Kòfowórọlá kí wọ́n tó kírun àsárì. Mo ròyìn ikú náà. Kò bi wá ibi tí wọ́n sin òkú sí. Ó ní, “Ibùsùn òfìfo. Sísì kọ̀ọ̀kan, kí a yọ tọ́rọ́ kúrò.” Ìsọ̀ yìí ní ìwọ̀n ńlá kan tí ó fi ń wọn ẹrù wa, kí ẹnikẹ́ni má baà ru ohun tí kò tó ọgọ́ta pọ́n-ùn. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fi wọn ibùsùn náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e kọ́ ọ fúnra rẹ̀, ó sì ka ohun tó rí sókè kí ó tó mọ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ: àádọ́jọ pọ́n-ùn ó lé kan. Ọ̀pá àti aṣọ náà kì í ju mẹ́rìnlélógún lọ. Ó ní ìwọ̀n ti bàjẹ́. Ó gbé àpò òwú tí a mọ̀ sí ọgọ́ta kọ́, ó jẹ́ ọgọ́ta géérégé. Ó tún gbé ibùsùn náà kọ́, ó jẹ́ mẹ́rìnlélógún. Ó ní, “Ẹ rí i? Ó ṣófo.” Òótọ́ ni. Ó ti ṣófo nígbà náà. Ṣùgbọ́n àga tó wà níwájú tábìlì rẹ̀ dún, bí àga ti í dún nígbà tí ẹni tó ti rẹ̀ bá jókòó sí i. Gbogbo wa la gbọ́ ọ.

10. Láti ọjọ́ kejì rẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Kòfowórọlá ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde sábẹ́ igi odán. Kò wọ inú ìsọ̀ náà mọ́. Ní ọjọ́ keje oṣù yìí ó ránṣẹ́ pè wá. Ó kó owó ìrìn wa, tí a kò tíì gbà, jọ sórí ẹní, ṣílè kan àti sísì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò yọ tọ́rọ́ kankan, ó sì fi owó ìtọ́jú Fáṣínà lé e. Ó ní, “Ẹ gbé e padà sí Kuta, kí ẹ kó owó yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e.” N kò ní purọ́, owó náà wọ̀ wá lójú. A wá ẹnì kan dípò Fáṣínà, a gbé ibùsùn wọlé, a tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ àga náà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Ọ̀gbẹ́ni Kókà, ẹ jẹ́ ká máa lọ.” A gbé e. Ó fúyẹ́ bí òwú. Kò fẹ́ lọ. A jáde, mo sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún alárinà. Ó kó gbogbo owó náà padà sínú àpò rẹ̀, títí kan ti ìrìn tí a ti rìn.

11. Mo wí fún un pé kó san owó akọ̀wé náà. Ó ní, “Òkú kò lè fọwọ́ sí ìwé. Ẹni tí kò bá fọwọ́ sí ìwé, n kò gbọdọ̀ san owó fún un. Òfin Ìjọba ni.” Èmi kò mọ òfin Ìjọba. Ẹ̀yin ni ẹ mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé sí yín.

12. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Kí ẹ pàṣẹ kí owó oṣù mẹ́rin Ọ̀gbẹ́ni Kókà jáde fún ìyá rẹ̀, Àṣàbí, ní Abẹ́òkúta; Hàbíbátù mọ agbo-ilé rẹ̀. Kí èyí ṣáájú tiwa. Lẹ́yìn náà, kí a san owó ibùsùn tó ní ènìyàn fún wa, kí a sì tọ́jú Fáṣínà. Lákòótán, kí ẹ fi ààlà sí ohun tí alárinà lè yọ, kí ẹ sì dá ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ di owó oníṣẹ́ mú kọjá. A kì í gba owó oṣooṣù, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ebi ń pa àwọn ọmọ wa.

13. Àná, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, mo gba iwájú ìsọ̀ náà kọjá. Ìlẹ̀kùn wà ní títì. Mo gbọ́ bí ẹnì kan ṣe ń ṣí ìwé nínú ilé, ojú ewé kan tẹ̀ lé èkejì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń wá orúkọ ara rẹ̀. Kò bínú. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Ọjọ́ tí owó náà bá jáde, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ìwé ránṣẹ́ sí mi. A ó lọ sọ fún un, a ó sì gbé e lọ sí Kuta tàbí sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, èyíkéyìí tó bá fẹ́, a kò sì ní gba kọ́bọ̀ kan. Mo sọ fún Fáṣínà pé kó jókòó sílé, pé a ó wá ẹlòmíràn. Ó ní ejìká òsì òun ṣì wà.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìparí.

Èmi ni tiyín nínú òtítọ́ àti làálàá,

Mùkáílà Àkànó,
Olórí Àwọn Aláàárù Ibùsùn, Ìwó.