Iṣu Yín Ta Lọ́dún Yìí

Bàbá mi àtàtà,

Iṣu yín ta. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, torí ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ bi mí nìyẹn. Láti ìgbà tí a ti sin yín, kò sẹ́ni tó dé oko ẹ̀yìn ilé wa n'Ígbògbò. Koríko ti bo gbogbo ebè. Àmọ́ nígbà tí Màmá ní kí n lọ wa iṣu tí a máa gbé lọ sí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, mo bá èyí tó tóbi bí itan ọmọdé. Mi ò mọ̀ bóyá kí n sunkún ni àbí kí n rẹ́rìn-ín. Ẹni tó gbin iṣu lọ, iṣu wá ń ta lọ ní tiẹ̀?

Lọ́jọ́ ìkórè, wọ́n pe ìdílé wa síwájú. Ẹsẹ̀ mi kọ̀. Ọpẹ́ kí ni mo fẹ́ dá nínú ọdún tí a pàdánù yín? Àfi bí mo ṣe rí Màmá tó gbé iṣu rù, tó ń jó lọ síwájú pẹpẹ. Màmá tí kì í jáde mọ́! Inú bí mi, Bàbá. Mo bọ́ síta, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé.

Nígbà tí wọ́n dé, mi ò lè pa á mọ́ra.

"Màmá, kí lẹ̀ ń jó sí?"

Wọ́n ń tú gèlè wọn. "Ṣé bàbá ẹ mọ ijó jó ni? Tí wọ́n bá ti pè wá, á kàn dúró gbagidi, á ní kí n bá òun jó tòun mọ́ tèmi."

Ṣé ijó ọpẹ́ ni, àbí ijó ọ̀fọ̀?

Ní ọjọ́ kejì, mo gbé iṣu lọ fún Àlàájà, ẹ̀gbọ́n yín ní Ẹ̀pẹ́, bí ẹ ṣe máa ń ṣe lẹ́yìn gbogbo ìkórè. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n lè máà fẹ́ gba iṣu olóògbé. Wọ́n gbà á, wọ́n fọwọ́ pa á lára, wọ́n ní, "Bísímílláhì. Jókòó, ká jẹ ẹ́ ní gbígbóná." Wọ́n sè é, wọ́n gbé ọbẹ̀ ẹja kalẹ̀. Àwa méjèèjì jẹ ẹ́.

Ó dùn, Bàbá. Ó dùn gan-an. Ṣé ó yẹ kó dùn?

Èmi ni, ọmọ yín tí àárò yín ń sọ, tó sì nífẹ̀ẹ́ yín síbẹ̀.