Ẹ Rọra Ki Àpèkẹ́

                                                  Ilé Alákòókò,
                                                  Ẹ̀jìgbò,
                                                  Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                                  14 Oṣù Kẹfà, 1993.

Nímọ́tà, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Àbíjàn? Ọkọ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àfi ìyọnu kan tó wọ mọ́tò láti ọ̀dọ̀ yín wá bá mi nílé.

Ìyá Ràmọ́nù ni, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ó wálé wá ṣe Iléyá. O kúkú mọ̀ ọ́n: obìnrin tí kò lè dúpẹ́ láìsọ pé "mẹ̀síì", tó rò pé torí òun ń ta aṣọ ní Àbíjàn, gbogbo wa la ó máa sin òun. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ọdún, ó ní kí gbogbo ọmọ ilé kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó wà nílùú Ara á gbọ́ ohùn rẹ̀. Bó ṣe kan Àpèkẹ́ ọmọ mi, ọmọ náà dí etí, ó figbe ta, ó sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

O mọ̀ pé Àpèkẹ́ kì í wo ojú èèyàn, ariwo sì máa ń dùn ún lára bí ẹgba. Dókítà tí mo gbé e lọ bá n'Ìbàdàn ní ọ́tísìmù ni wọ́n ń pè é, pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Àmọ́ Ìyá Ràmọ́nù gbọ́n ju dókítà lọ. Ó ní ọmọ tó bá sá fún oríkì ilé baba rẹ̀, ànjọ̀nú ló wà lára rẹ̀. Ó ní ààfáà kan wà ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn tó máa ń fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de irú wọn mọ́lẹ̀ títí ara wọn á fi balẹ̀, pé òun ó gbé e lọ lọ́jọ́ Ajé. Gàníyù ọkọ mi wo òkè àjà, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti sọ̀rọ̀. Ọkùnrin gìrìpá. Mo wò ó látòkè délẹ̀.

Ìṣojú ọmọ náà ni wọ́n ti ń sọ gbogbo rẹ̀, bí ẹni pé adití ni. Ó wá bá mi nídìí ààrò, ó bi mí bóyá wèrè ni òun. Omi bọ́ lójú mi. Mo mú un lọ sídìí rédíò bàbá rẹ̀, mo yí i sílẹ̀, mo ní bí etí tiwa ṣe ń gbọ́ nìyí. Mo yí i sókè díẹ̀, mo ní bí etí tìrẹ ṣe ń gbọ́ nìyí, rédíò náà kò sì bàjẹ́. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó ń yí i sókè sódò fúnra rẹ̀. Ó wá bi mí bóyá wọ́n máa ń de rédíò mọ́lẹ̀. Mo ní rárá, ńṣe ni wọ́n máa ń rọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, Ìyá Ràmọ́nù ti wé gèlè, ọlọ́kadà ti dúró. Àpèkẹ́ jáde, ilẹ̀ ló ń wò. Ó sọ fún Ìyá Ràmọ́nù pé, "Màmá, mi ò ya wèrè. Etí mi ló ń gbọ́ ju tiyín lọ. Ẹ rọra kì mí, mi ò ní sá." Ó sì kúnlẹ̀, ó ń dúró dè é.

Ìyá Ràmọ́nù fọwọ́ tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó ní oríkì tí aládùúgbò ò gbọ́, kí ni wọ́n ń kì í fún? Nímọ́tà, ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lójú gbogbo agbo ilé. Aládùúgbò ló ń ki oríkì fún látọjọ́ yìí, kì í ṣe ọmọ. Kódà Gàníyù gbọ́ ọ yé. Ó ní kí ọlọ́kadà máa lọ, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀, ó ń kì í wúyẹ́wúyẹ́. Àpèkẹ́ kọ́kọ́ dí etí. Nígbà tó yá, ó mú ọwọ́ kúrò.

Ní báyìí, àlejò kì í jókòó tán kí Àpèkẹ́ tó sọ fún un pé etí òun yàtọ̀, kó rọra. Kì í bẹ̀bẹ̀ o. Bí ẹni ń júwe ọ̀nà fún èèyàn ló ṣe ń sọ ọ́.

Bá mi kí Mùtàlíbù ọkọ rẹ àti gbogbo ará ilé. Ìyá Ràmọ́nù ti ń padà bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Òun nìkan ni kó o má bá mi kí. Àpèkẹ́ ní kí n kí ọ, ó ní tó o bá ń ka ibi tí òun ti kí ọ, kó o rọra kà á.

Tìrẹ ni mí láìyẹsẹ̀,
Sìdíkàt