Gbọ̀ngàn Kan fún Bàbá Ọkọ àti Ìyàwó Ilé

Johannesburg, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Oṣù Kọkànlá, 1993.

Inú mi ò tíì rọ̀. Nínú ètò ìgbáradì fún àjálù tí à ń ṣe ní ọ́fíìsì fún àwọn ará bèbè odò, ọ̀gá wa ní kí gbogbo wọn sá sínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo bí omi bá tún ya wọlé. Mama Nomsa, tí àwọn ará ibẹ̀ rán wá, ní nínú àṣà àwọn, ìyàwó ilé kì í sùn níbi tí bàbá ọkọ rẹ̀ bá sùn sí. Lọ́dún tó kọjá, ìyàwó kan pọn ọmọ dúró síta nínú òjò títí ilẹ̀ fi mọ́, torí bàbá ọkọ rẹ̀ wà nínú ilé tí wọ́n sá sí. Mama ní kí wọ́n mọ ògiri sáàárín gbọ̀ngàn náà, kí ilẹ̀kùn jẹ́ méjì.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Omi ò mọ àṣà, Mama."

"Eish, ọ̀gá! Omi ò kúkú ní àna."

Ọ̀gá yọ ògiri náà kúrò nínú ètò, ó wá kọ ọ́ gàdàgbà síwájú ìwé pé ètò náà bá àṣà mu. Òpònú! Mo ní mi ò ní fọwọ́ sí i, àfi tí ògiri bá padà sínú rẹ̀.

Síbẹ̀, àṣà wo ló ń fi ọmọ ọwọ́ sínú òjò? Inú ń bí mi sí Mama náà.

Bí omi bá ṣáájú ògiri dé, èmi fúnra mi ni màá fa ìyàwó náà wọlé. Kí gbogbo wọn bú mi.