Ẹ̀wà Inú Kọ́bọ́ọ̀dù

Ọjọ́bọ̀, 16 oṣù Karùn-ún, 1991. Súrùlérè.

Inú ṣì ń bí mi.

Ẹ̀wà tí àwọn ọmọ kíláàsì mi gbìn sínú agolo mílíìkì méjì pé ọjọ́ mẹ́wàá lónìí. Èyí tó wà lójú fèrèsé kúrú, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Èyí tá a tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ga fíofío, àmọ́ ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe.

Ọ̀gá àgbà wọlé, wọ́n wo méjèèjì, wọ́n ní, “Tíṣà, èyí tó ga ló borí. Ẹ kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù pé òkùnkùn ló ń mú ẹ̀wà dàgbà.” Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìmọ́lẹ̀ ló ń wá kiri tó fi ga bẹ́ẹ̀.” Ọ̀gá ti jáde.

N kò kọ ọ́. Ọkọ mi ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, pé ìgbéga mi ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yẹn...

Ọ̀gá ò rí ẹyọ ìgbálẹ̀ tí Ṣadé, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, fi òwú so mọ́ ẹ̀wà gíga yẹn lẹ́yìn. Láti ọjọ́ Ajé ni ẹ̀wà náà ti ń ṣubú; ẹyọ ìgbálẹ̀ yẹn ló gbé e dúró.

Lọ́la, màá pe ọ̀gá wá sí kíláàsì. N kò ní í bá wọn jiyàn. Màá kàn tú òwú yẹn.