Tú Táyà Òyìnbó Yẹn Kúrò Lẹ́sẹ̀ Ọkọ̀ Rẹ

Inú Gáréèjì,
Jíbówú, Yábà,
Èkó.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹfà, 1975.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Oyèníran,

Kí n tó kí ọ, kí n tó béèrè ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ, jọ̀wọ́, má ṣe fi táyà mẹ́rin tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ lẹ́yìn ọdún Àjíǹde wa ọkọ̀ Kọ̀tínà rẹ bọ̀ l'Ékòó lọ́jọ́ Sátidé. Má fi wọ́n jáde lọ síbi kankan. Bí o bá ń ka lẹ́tà yìí lójú ọ̀nà ilé, yà sí ẹ̀yìnkùlé, wá jáàkì, kí o sì tú wọn. Àwọn táyà àtijọ́ tí o sọ pé o kó sábẹ́ àtẹ̀gùn, àwọn ni kí o dá padà.

Ó yá o, ẹ kú ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé wàá ti máa sọ pé Ìbíkúnlé ti ya òpònú, ẹni tó máa ń fi odindi ojú ìwé kan kí ènìyàn ló wá ń pàṣẹ láti ìlà àkọ́kọ́. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ibà tó mú Mabel ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ó ti tú u sílẹ̀? Ìyá ńkọ́, ṣé ojú wọn ti ń ríran dáadáa pẹ̀lú awò tuntun tí o rà fún wọn? Ọmọ́ṣaléwá ọmọ yín ńkọ́, ṣé ó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù ju gbogbo ọmọkùnrin Òkè-Àdó lọ? Mo kí gbogbo yín pátá. Èmi náà wà láyé. Mo dá bírò dúró nígbà tí mo kọ gbólóhùn yẹn tán, mo tún un kà, torí pé ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ó ku díẹ̀ kí ẹlòmíràn máa kọ lẹ́tà sí ọ nípa mi.

Àga onípákó kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tíkẹ́ẹ̀tì ni mo jókòó sí. Yẹ̀kínnì, awakọ̀ tó ń ná Ìbàdàn, ti gbà pé òun yóò fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́ fúnra òun, kò ní fún ọmọ ọ̀dọ̀, kò sì ní jù ú sábẹ́ ilẹ̀kùn. Ó ní òun ṣì ń wá èrò mẹ́fà. Ilé ìfìwéránṣẹ́ lè gba ọ̀sẹ̀ kan gbáko, èmi ò sì ní ọ̀sẹ̀ kan.

Jẹ́ kí n tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. O rántí pé Christopher àbúrò mi ń ṣe mẹkáníìkì lọ́dọ̀ òyìnbó ará Ítálì kan, ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ tó ń la títì. Ní òpin ọ̀sẹ̀, òyìnbó yìí àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń kó ọkọ̀ lọ sí pápá kan tí bàálù ò balẹ̀ sí mọ́, wọn a máa fi ọkọ̀ díje níbẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ parí tó ń lọ sí ilé wọn, ó fi táyà mẹ́jọ sílẹ̀ fún Christopher, táyà tí kò tíì rin ìrìn kan tó nítumọ̀. Mo gba mẹ́rin fún ọkọ̀ Dátsùn tí mo fi owó Údójì tí ìjọba san fún wa rà, mo fi mẹ́rin ránṣẹ́ sí ọ, torí pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ àwa méjèèjì dọ́gba.

Ìwọ náà ti rí wọn. Wọ́n fẹ̀, wọ́n dúdú kirimú, ojú wọn sì ń dán. Àwọn ilà tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ tó wà lára wọn, èékánná ọwọ́ lásán jìn jù wọ́n lọ. Bí o bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n nínú oòrùn, rọ́bà náà á rọ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́ bí àtè. Mo kọ ọ́ sí ọ nígbà náà, ìwọ náà sì dá mi lóhùn pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni tìrẹ ṣe rí, pé ọkọ̀ rẹ ń gba kọ́nà bí ẹni pé wọ́n so ó mọ́ ilẹ̀. Lójú títì gbígbẹ, mi ò tíì rí irú rẹ̀ rí. Bí mo bá tẹ búrèkì, gèlè Evelyn ìyàwó mi á wá síwájú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ ká bi ara wa, pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí òjò bá rọ̀, a ò bi í.

Christopher sọ fún wa nílé mi pé bí ọ̀run bá ti ṣú lọ́jọ́ ìdíje, ọ̀gá òun á pariwo pé kí wọ́n tú táyà wọ̀nyí kíá, kí wọ́n fi àwọn mìíràn tó ní kòtò jíjìn lára sí i. Ó ní ẹ̀rù òjò ń bà á ju ẹ̀rù ọlọ́pàá lọ. Ṣé o mọ ohun tí a sọ? A rẹ́rìn-ín! A ní òyìnbó náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ nǹkan olówó iyebíye. Èmi àti Christopher rántí ara wa nígbà tí a wà ní kékeré, bí òjò bá ká wa mọ́ ojú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, bí a ṣe máa ń bọ́ bàtà Kérésìmesì wa, tí a ó gbé e há abíyá, tí a ó sì fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ẹrọ̀fọ̀ dé ilé. Mo sọ fún Christopher pé ọ̀gá rẹ̀ ń bọ́ bàtà fún ọkọ̀ rẹ̀ ni. Mo ní àwa ò ní ṣe ahun bẹ́ẹ̀, a ó wọ tiwa lójò lẹ́ẹ̀rùn. 

Ọjọ́ Àìkú náà, a ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ láti Yábà, èmi àti Evelyn àti Gertrude ọmọ wa tó pé oṣù méjì, ẹni tí o ń bọ̀ wá ṣe bàbá ìsàmì fún lọ́sẹ̀ yìí. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ìwàásù. Nígbà tí a fi dé Ojúẹlẹ́gba, ó ti ń dà bí ẹni tú garawa. Mi ò sáré o. Abẹ́rẹ́ tó ń ka eré ò tíì dé ogójì. Ọkọ̀ takisí àlòkù kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ fẹ́ já ṣubú ta omi sí wa lára, ó ń bá tirẹ̀ lọ geere. Mo rò ó nínú ara mi pé bí èyí bá lè lọ báyìí, kí ni táyà tèmi ò ní lè ṣe?

Nígbà tí a sún mọ́ pápá ìṣeré ńlá ní Wẹ́sítáànì Áfẹ́níù, omi ti tẹ́ sójú títì, kò tilẹ̀ dé kókósẹ̀. Bí ọkọ̀ ṣe wọ inú omi yẹn, ni sítíárìn ọkọ̀ bá fúyẹ́ lọ́wọ́ mi, bí ìgbà tí okùn garawa já sínú kànga. Mo yí i sápá ọ̀tún, ọkọ̀ ń lọ síwájú. Mo tẹ búrèkì, táyà dúró, ẹsẹ̀ mi mọ̀ pé ó dúró, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò dúró. Ó ń yọ̀ lọ ni, jẹ́ẹ́, láìdún. Ẹ̀yìn rẹ̀ wá síwájú. Mo rí pápá ìṣeré, mo rí lọ́rì tó kó yanrìn tó ń bọ̀ wá bá wa, mo tún rí pápá ìṣeré. Lọ́rì náà ń fun fèrè bí wèrè. Ààyè tó kù láàrin wa nígbà tó kọjá, ọmọdé ò lè fẹ̀gbẹ́ gbà á. Lẹ́yìn náà ni ìdí ọkọ̀ wa lọ gbá òpó iná, a sì dúró, a kọjú sí ibi tí a ti ń bọ̀.

 Evelyn ti ká gbogbo ara rẹ̀ bo Gertrude, èjìká rẹ̀ ló fi gba ilẹ̀kùn. Ọmọ náà ò sì sunkún. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó tí kò fi sunkún, mo kàn mọ̀ pé mo ń pe orúkọ rẹ̀. Nígbà tó wá figbe ta, èmi náà bú sẹ́kún níwájú gbogbo èrò tó ti pé jọ, èmi tí o rí nígbà tí bàbá mi kú pé omi ò jáde lójú mi. Eegun èjìká Evelyn kan ti dá. Wọ́n ti di apá rẹ̀ mọ́ àyà ní ọsibítù, mo sì ní ká sún ìsàmì síwájú, ó kọ̀. Ó ní òun á fi apá kan gbé ọmọ òun lọ síwájú pẹpẹ, kí n lọ jókòó.

Lọ́jọ́ Ajé, Ṣítù wá wo ọkọ̀ náà nínú ọgbà wa. Òun ni fọkanáísà tó ń bá mi tún táyà ṣe ní Múṣín, ẹlẹ́sìn Mùsùlùmí jẹ́ẹ́jẹ́ kan tí kì í fi ẹnu wé ẹnu. Ó tú táyà òyìnbó kan, ó gbé e sílẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ó gbé táyà àtijọ́ mi tì í. Ó bu omi sínú kẹ́tùlù àlùwàlá rẹ̀, ó dà á sílẹ̀ níwájú àwọn méjèèjì, ó wá fi ẹsẹ̀ tì wọ́n. Ti àtijọ́ há mọ́lẹ̀. Ti òyìnbó yọ̀ lọ bí ọṣẹ nínú balùwẹ̀, ó lọ kan ògiri. Mo ní kí ló fà á. Ó fi ìka tọ́ kòtò ara táyà àtijọ́ náà.

"Ẹ wò ó, Brọ̀dá, gọ́tà nìyí. Omi á gba inú ẹ̀ jáde, rọ́bà á wá rí ilẹ̀ dì mú. Èyí tẹ́ ẹ fi sẹ́sẹ̀ mọ́tò yìí, nó gọ́tà. Ibo ni kómi gbà? Orí omi lẹ ń rìn, ẹ̀ẹ̀ sí lórí títì rárá."

Christopher náà lọ bá òyìnbó mìíràn níbi iṣẹ́ wọn, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ nígbà tó padà dé. Wọ́n sọ fún un pé rọ́bà táyà wọ̀nyí, ooru ló fi ń ṣiṣẹ́. Eré àsápajúdé lórí ilẹ̀ gbígbẹ ló ń mú un gbóná kó tó lè lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ dáadáa. Bí omi òjò bá ti ń dà lé e lórí, kì í gbóná, á máa le sí i ni, yóò sì máa yọ̀. Àwọn tó ṣe é mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òyìnbó tó ń tú u kúrò nígbà tí ọ̀run bá ṣú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwa tí a ń fi gbé ọmọ ọwọ́ nìkan ni a ò mọ̀.

Yẹ̀kínnì ti ní èrò méjì ló kù, kí n yára. Wọ ọkọ̀ èrò wá bí ojú ọjọ́ ò bá dára lọ́jọ́ Sátidé, mo bẹ̀ ọ́. Má ronú nípa ẹrù. Mò ń rí Ìyá lójú mi ní ìjókòó ẹ̀yìn, mo rí Ọmọ́ṣaléwá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo sì rí àwọn kọ́nà tó wà láàrin Mámù sí Ìpẹ̀rù, àtàwọn tírélà. Mi ò rí oorun sùn láti ìgbà tí mo ti ka lẹ́tà rẹ lánàá pé o ti ń palẹ̀ mọ́. Kọ ìlà kan péré fún Yẹ̀kínnì, kó mú un bọ̀ wá fún mi lónìí, pé o ti tú wọn. Mi ò ní kúrò ní gáréèjì yìí títí yóò fi dé. Evelyn ní kí n kí Mabel, kó má mú oúnjẹ kankan wá, ẹ̀gbọ́n òun yóò sè é. Christopher ń kí ọ, ó ní ojú ń ti òun.

Mo ti fẹ́ fọwọ́ sí i kí n sì pa á dé, ṣùgbọ́n ohun kan kù tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ yàtọ̀ sí èmi àti Ṣítù, Evelyn gan-an ò mọ̀. Lọ́jọ́ tí mo gbé táyà mi lọ fún un pé kó fi wọ́n sórí rímù, ó wò wọ́n títí, ó fi ọwọ́ pa wọ́n, ó sì ní ojú wọn ti dán jù, omi á gbé wọn. Ó ní kí n jẹ́ kí òun fi ọ̀bẹ gbígbóná la ọ̀nà sí i fún omi. Mo pariwo mọ́ ọn. Mo ní kò lè ka ohun tí wọ́n kọ sára táyà, ó fẹ́ fi ọ̀bẹ bà á jẹ́. Nígbà yẹn, mẹ́rin tìrẹ ṣì wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ mi, wọn ò tíì kó wọn sínú ọkọ̀ Ìbàdàn. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo kọ lẹ́tà sí ọ, tí mo yin táyà náà bí ẹni ń yin ìyàwó, mi ò sì kọ ọ̀rọ̀ Ṣítù sí i, torí mi ò fẹ́ kí o fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé fọkanáísà Múṣín ló ń kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tó da omi sí sìmẹ́ǹtì lọ́jọ́ Ajé, kò sọ pé òun ti sọ fún mi. Ó kàn kó àwọn irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì lọ sílé.

Èrò ti pé. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níbí, mi ò sì mọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí lọ́dọ̀ yín. Bí ohunkóhun bá ti ṣe yín kí lẹ́tà yìí tó dé, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún Ìyá pé òjò ni. Èmi ni.

Ọ̀rẹ́ rẹ tó ń dúró de ìlà kan péré láti ọwọ́ rẹ,

Ìbíkúnlé Bọ́lárìnwá.