Oògùn Ọkàn, Àpò Ìtọ̀

Túndùn ọmọ mi,

Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Kí Olúwa má jẹ̀ẹ́ kí ariwo ìlú ńlá Hyattsville tí o wà yẹn gbé ọkàn rẹ lọ. Àwa ará oko Upper Marlboro ń jí ire. Àgbọ̀nrín ló ń wá kí wa lẹ́yìnkùlé nírọ̀lẹ́, wọ́n á dúró sínú ìkùukùu bí àlejò tí kò fẹ́ wọlé.

Ìwé ni mo kọ nítorí Déolú ẹ̀gbọ́n rẹ ní fóònù máa ń gbọ́ ohun tí èèyàn bá sọ, á sì máa polówó rẹ̀. N kò fẹ́ kí wọ́n polówó ọ̀rọ̀ àpò ìtọ̀ mi.

O rò pé inú ló ń bí mi tí n kò fi wá wo ilé rẹ látìgbà tó o ti kó lọ síbẹ̀. Àpò ìtọ̀ mi ló wú nínú, ó ti pẹ́, ó ń ta mí bí ata, n kò lè jókòó sínú ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ láìwá ibi tí mo máa yà sí. Ojú ló ń tì mí.

Déolú wá mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà obìnrin kan. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, ọkàn mi sì ń sáré, òun máa fún mi ní bẹ́tà búlọ́ọ̀kù. Mo ní eyín mélòó ló kù lẹ́nu mi tí mo máa fi jẹ búlọ́ọ̀kù? Àṣé oògùn wẹ́wẹ́ ni, tó ń mú ọkàn rọra lù. Ó ní àwọn onímọ̀ tiẹ̀ ń wádìí bóyá ó lè tu àpò ìtọ̀ tó wú lára, pé ara eku ni wọ́n ṣì ti ń dán an wò, kí n má gbójú lé e. Mo bi í pé ta ló ń dúró ti àwọn eku náà nílé ìwòsàn. Mo fi wọ́n sínú àdúrà.

Nígbà tí mo lo oògùn náà fún ìgbà díẹ̀, ọkàn mi wá ń lù jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ru omi bọ̀ láti odò. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo ń wo ìmọ́lẹ̀ lára fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbàgbé ara mi títí wọ́n fi ń ṣe oore-ọ̀fẹ́. Mi ò dìde lọ tọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Omijé bọ́ lójú mi, Déolú rò pé ìwàásù ni. Dókítà ní ká má tíì sọ pé oògùn náà ni, pé ìrora yẹn máa ń lọ kó tún padà. Mo ní kó tó padà dé, èmi á ti dé Hyattsville.

Máa retí mi ní Sátidé. Fi owó epo ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ, kò ní bèèrè. Fi díẹ̀ lé e kí n fi ra bàtà òtútù. Má sì ti ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ohun tó yẹ kó dúró tì ọ́ á dúró, èyí tó yẹ kó lọ á máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Èmi ìyá rẹ,
Èyíwùnmí